Ìrìn inú igbó tí wọ́n ń sanwó fún: bí mo ṣe rí i lẹ́yìn tí mo lọ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: tí wọ́n bá ní kí n tún sanwó lọ́la, màá san án. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn kọ́ ló rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ o, ọ̀kan wà níbẹ̀ tó bí mi nínú gidi gan-an, màá dé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń tà ò le rárá. Wọ́n á kó yín jọ, èèyàn bíi mẹ́wàá, wọ́n á mú yín wọnú igbó láàárọ̀, ẹ ó máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí méjì, amọ̀nà kan á wà níwájú, ẹ ó sì padà. Ó parí. Kò sí eré ìdárayá, kò sí òkè tẹ́ ẹ máa gùn, kò sẹ́ni tó máa ka iye ìṣísẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló san ti ẹ̀ẹ̀mẹrin sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní tí mi ò bá lọ àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, èmi náà sì mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n lè ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n san án nìyí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa gbé ìpè àwọn oníbàárà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ wà létí mi, kọ̀ǹpútà wà lójú mi, inú yàrá tí kò ní fèrèsé kankan. Bí ẹnì kan bá ṣe ń bú mi tán ni ẹlòmíì ń wọlé. Tí mo bá délé, ara á ti jókòó, orí ò ní jókòó. Màá dùbúlẹ̀ tán, gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí mi lọ́jọ́ yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó yẹ kí n fi fèsì, ohun tí mo gbé mì, títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mo lọ rí dókítà, wọ́n ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ń lọ sókè, wọ́n kọ oògùn fún mi, wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo jókòó sábẹ́ igi kẹ́yìn. Mo ronú títí, mi ò rí èsì fún wọn. Ìgbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n dákẹ́, ọjọ́ kejì ni mo rí i lórí fóònù mi pé wọ́n ti sanwó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sínú igbó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, màmá kan ni amọ̀nà wa, wọ́n ti dàgbà díẹ̀, ohùn wọn rẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n pín àpò aṣọ kékeré fún kálukú wa, wọ́n ní ká pa fóònù, ká fi síbẹ̀, ká so ẹnu ẹ̀. Wọn ò gbà á lọ́wọ́ wa, èjìká oníkálukú ni ó gbé tiẹ̀ kọ́. Ẹ wò ó, láàárín ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ọwọ́ mi lọ síbi àpò yẹn tó ìgbà mẹ́jọ, mo kà á. Kò sẹ́ni tó pè mí, kò sí ohun tí mò ń retí, ọwọ́ kàn ń lọ ni. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn mí ibi tí mo dé.

A rìn lọ bíi ká sọ pé a ò ní ibì kankan tá à ń lọ. Tá a bá rìn díẹ̀, màmá á ní ká dúró. Wọ́n á ní ká máa gbọ́ ohun tó jìnnà sí wa jù lọ, lẹ́yìn náà ohun tó sún mọ́ wa jù lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Àfìgbà tí mo gbọ́ ẹyẹ kan tó ń sọ igi lókèèrè, kò-kò-kò-kò, ó dákẹ́, ó tún sọ ọ́, mo wá rí i pé ẹyẹ yẹn ti ń sọ igi látìgbà tá a ti wọlé, etí mi ni kò ráyè.

Ibi tá a dúró sí lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ti ṣàlàyé ohun kan tí mi ò gbàgbé títí dòní. Wọ́n ní tọkọtaya kan wà, Rachel àti Stephen Kaplan, àwọn onímọ̀ nípa bí ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ṣe lọ́dún 1989 pé ọ̀nà tá à ń gbà fọkàn sí nǹkan ò dọ́gba. Ọ̀kan wà tá à ń fipá ṣe, irú èyí tí mò ń ṣe nídìí fóònù, tó o máa di ọkàn ẹ mú kó má sá, kó o má gbọ́ ariwo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kó o má wo ibòmíì, kó o má sì fi ìbínú dá èèyàn lóhùn. Ìyẹn máa ń tán nínú èèyàn, bí agbára ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Òmíì sì wà tó jẹ́ pé nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ ló máa fà ẹ́ lójú jẹ́jẹ́, o ò sapá rárá, omi tó ń ṣàn, ewé tó ń mì, ìkùukùu tó ń kọjá. Ìgbà tí èyí bá ń lọ lọ́wọ́ ni èyí tá à ń fipá ṣe máa ń ráyè sinmi. Ṣé ẹ rí i? Mo ti ń fi fídíò orí fóònù sinmi látọdún yìí wá, mo sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tó túbọ̀ ń rẹ̀ mí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ní kí oníkálukú lọ wá igi kan jókòó tì, ogún ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ibí ni owó yẹn ti jẹ́ owó. Mo jókòó sídìí igi kan tí gbòǹgbò ẹ̀ yọ sókè bíi apá àga, mo fẹ̀yìn tì í. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ìdí sòkòtò mi tutù, mo fẹ́ dìde nítorí ẹ̀, mo tún ní kí n fi í sílẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé tó ti ń jẹrà, òórùn yẹn dùn lọ́nà tí mi ò lè fi wé nǹkan kan. Nígbà tó yá mo rí eèrà mẹ́ta tí wọ́n gbé apá labalábá kan, apá yẹn dúró ṣánṣán lórí wọn, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì, àwọn náà ń tẹ̀ lé e sọ́tùn-ún sósì, wọ́n dé ibi pàlàpálá èèpo igi, ó há. Wọ́n fà á, ó há. Ọ̀kan fi í sílẹ̀, ó yí lọ sẹ́yìn, ó lọ tì í láti ìsàlẹ̀, ó sì yọ. Mo tẹ̀ lé wọn fojú títí wọ́n fi wọ abẹ́ gbòǹgbò. Ìgbà tí màmá lu agogo kékeré ọwọ́ wọn pé àsìkò ti tó, mo wá rí i pé fún gbogbo àkókò yẹn mi ò ronú kan oníbàárà kankan. Omi bọ́ lójú mi, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i, obìnrin kan tó jókòó síwájú mi náà ń nu ojú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn di àárọ̀. Mi ò ní bù mọ́ ọn, lẹ́yìn ọjọ́ kejì àròkàn yẹn tún padà, àmọ́ kò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wá lọ kà nípa ẹ̀, mo rí i pé àwọn kan ní yunifásítì Stanford ti wò ó lọ́dún 2015: wọ́n ní káwọn èèyàn kan rìn níbi tí igi àti koríko wà fún ìṣẹ́jú 90, wọ́n ní káwọn míì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ ń kọjá. Àwọn tó rìn níbi tí igi wà sọ pé àròkàn àwọn dín kù, ibi kan nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an téèyàn bá ń ro ara ẹ̀ ní ìròkurò náà sì rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á wò. Àwọn tó rìn lẹ́bàá títì ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí ara tù mí, torí ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó ṣe mí nídìí igi yẹn ti ṣe ẹlòmíì rí.

Ìgbà kejì, ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà kejì bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ pé èèyàn ò ní ju mẹ́wàá lọ, a débẹ̀ a pé mẹ́tàlélógún. Amọ̀nà kan ò wá, wọ́n bá da ẹgbẹ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Amọ̀nà tó mú wa lọ́jọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó gbìyànjú, àmọ́ ó gbé ẹ̀rọ ohùn dání káwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ ọ, ẹyẹ wo ló máa dúró? Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ilé wọn lẹ́yìn mi, ọ̀kan ò pa fóònù ẹ̀, ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ká tún wá jókòó sídìí igi, wọ́n ní àsìkò ti lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Inú bí mi délé. Mo kọ̀wé sí wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ́ bó ṣe rí láìgbé ohùn sókè, ọjọ́ kejì wọ́n fèsì, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n fi ẹyọ kan kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ. Àtìgbà yẹn a ò ju mẹ́sàn-án lọ mọ́. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ìdajì ẹ̀ ti ọjọ́ yẹn ni.

Ìdajì tó kù nìyí. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìrìn inú igbó ń wo jẹjẹrẹ sàn, pé ẹni tó bá ń wá déédéé lè fi oògùn ìfúnpá sílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí lè pa èèyàn. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fa ti jẹjẹrẹ yọ, mo ti wá a kà. Ní Jàpáànì, lọ́dún 1982, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó ló gbé orúkọ shinrin-yoku jáde, ìyẹn bí ẹni sọ pé kéèyàn wẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì fẹ́ káwọn èèyàn máa jáde lọ sínú igbó fún ìlera. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni dókítà Qing Li ní iléèwé ìṣègùn kan ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn lọ sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ó rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń bá kòkòrò àrùn àti sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ jà, ṣiṣẹ́ sí i, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òórùn tí igi máa ń tú sínú atẹ́gùn wà lára ohun tó fà á. Nǹkan tó wúni lórí ni, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tára wọn le ló kọ́kọ́ mú lọ, wọn ò ju méjìlá lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sì lò, wákàtí méjì kọ́. Ibo lẹ ti rí i níbẹ̀ pé ó wo jẹjẹrẹ? Mo kọ èyí náà ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò tíì fèsì sí i. Ẹni tó bá ń lo oògùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀, ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ìfúnpá tèmi ti wálẹ̀, mo ṣì ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, mi ò sì lè yà á sọ́tọ̀ pé oògùn ló mú un wálẹ̀ àbí igbó.

Ohun tó tiẹ̀ ń dùn mí ni pé wọn ò nílò irọ́ yẹn rárá. Òótọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó polówó. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 ní England, àwọn tó ń lo tó ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ níbi tí igi, koríko tàbí omi wà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sọ pé ara àwọn le, ọkàn àwọn sì balẹ̀, títí kan àwọn tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń ṣe. Ẹ sì gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù, kò sí ìyàtọ̀ bóyá ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn lo gbogbo ẹ̀ tàbí ó gé e sí wẹ́wẹ́. Lọ́dún kan náà, àwọn kan ní Michigan gba itọ́ ẹnu àwọn ará ìlú ńlá kí wọ́n tó jáde àti lẹ́yìn tí wọ́n padà, wọ́n rí i pé láàárín ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni cortisol, èyí tí ara máa ń tú jáde nígbà tí nǹkan bá le koko fún wa, máa ń yára wálẹ̀ jù, yálà èèyàn jókòó ni tàbí ó ń rìn.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la wá ń sanwó fún, ṣebí ọ̀fẹ́ ni igi? Mo ti ro èyí gan-an. Ní tèmi o, mi ò ní dá lọ. Mo ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí igi wà fún ọdún mẹ́ta, ṣe ni mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá tèmi ti fóònù létí. Ẹni tó máa ní kí n dúró ni mo sanwó fún, ẹni tó máa lu agogo, tó máa jẹ́ kí n mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú tí mi ò ṣe nǹkan kan kì í ṣe ọ̀lẹ. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ní báyìí mo ń dá jókòó sídìí igi kan lọ́nà ilé lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Ọjọ́bọ̀, màá pa fóònù, màá wo ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ níbẹ̀. Torí náà, tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹ san ti ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ má san ti ọdún kan bí wọ́n ṣe máa ń rọ̀ yín.

Ìwádìí kan tún wà tí màmá amọ̀nà sọ fún wa lọ́jọ́ tá a lọ kẹ́yìn, òun ló ràn mí lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich gbé e jáde lọ́dún 1984. Ó wo ìwé àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania, mẹ́tàlélógún nínú wọn ní fèrèsé tó kọjú sí igi, mẹ́tàlélógún ní fèrèsé tó kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, oògùn ìrora tó le tí wọ́n lò ò sì tó ti àwọn yòókù. Igi ojú fèrèsé lásán o, wọn ò jáde! Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀gá mi, mo ní yàrá kejì ní fèrèsé, igi kan wà níta ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé mi lọ síbẹ̀. Wọ́n rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé mi lọ. Èmi àti ẹni méjì míì. Tí oníbàárà bá ń bú mi báyìí, mo ń wo ẹ̀ka kan tí ẹyẹ máa ń bà lé.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọn ò sọ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó: ẹnu ọ̀nà nìkan ni ilé ìyàgbẹ́ wà, ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ wọ sòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀, torí eégbọn àti ẹ̀fọn, tẹ́ ẹ bá sì délé ẹ yẹ ara yín wò dáadáa, abẹ́ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí. Ẹni tí lẹ́bú òdòdó máa ń mú sín tàbí tó ní asima, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, kó mú oògùn ẹ̀ dání. Bàtà tó ń yọ̀ ò dáa. Ọ̀rá tàbí aṣọ tẹ́ ẹ máa jókòó lé, ẹ mú un lọ́wọ́, ìrì yẹn ò mọ èèyàn. Tí òjò bá rọ̀, wọn kì í dá owó padà, ọjọ́ míì ni wọ́n á fún yín, àmọ́ tí òjò bá ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ lọ o, òórùn igbó lẹ́yìn òjò yẹn, hẹ̀n.

Ẹ mú ìpàdé àárọ̀ kùtù, ẹ má mú ti ọ̀sán. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí èrò, ẹyẹ pọ̀, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ náà sì máa ń jẹ́ kí ara mọ ìgbà tó yẹ kó sùn lálẹ́.

Mo ti gba àyè fún màmá mi. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, orúnkún ń dùn wọ́n, mo pè láti béèrè bóyá wọ́n lè lọ, ẹni tó gbé ìpè mi (mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, mo kí i dáadáa) ní ọ̀nà kúkúrú kan wà tó tẹ́jú, bẹ́ǹṣì wà lójú ọ̀nà lóríṣiríṣi ibi, màmá amọ̀nà tó máa ń lu agogo yẹn náà ló máa mú wa lọ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni. Tá a bá dé, màá padà wá sọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí fún àwọn tó ní àgbàlagbà nílé.